Yúnyún Lè Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró, Kò Lè Dá Tetanus Dúró

Ọ̀rọ̀ ewé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Ìjẹ̀bú-Igbó, yóò ti rí ewé náà lẹ́bàá títì àti létí oko, tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí èso ìyeyè. Yúnyún ni orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ kan léèrè ohun tí a ń fi yúnyún ṣe, kò ní ronú pẹ́ kí ó tó dá yín lóhùn pé, “A fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni.” Òótọ́ ni àgbẹ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ibi tí kò pé sí yẹn gan-an ni ikú ti ń gbà wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ń gbé ìlú ńlá fetí sí i, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ oko, tí ń la pákó, tàbí tí ń pẹja. Ẹ̀yin ni wọ́n sì máa ń pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ilé ìwòsàn.

IRÚ EWÉ TÍ YÚNYÚN JẸ́

Kí a má baà ṣi ewé já, ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ewéko yìí sábà máa ń ga dé ìbàdí tàbí àyà ènìyàn. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní méjì-méjì, tí wọ́n kọjú sí ara wọn lórí ẹ̀ka. Irun wẹ́wẹ́ ni ó bò ó, bí a bá sì fi ọwọ́ pa á, a máa ha ni lọ́wọ́ bí ewé ìpín tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi. Kì í ṣe ewéko ọlọ́dún kan. Gbòǹgbò rẹ̀ le nínú ilẹ̀, bí a bá sì fi ọkọ́ ké e lulẹ̀ lónìí, bí òjò bá ti rọ̀ yóò tún rú. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Aspilia africana. Orúkọ náà fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kì í ṣe àlejò.

Ẹ má ṣe fi jogbo pè é. Jogbo, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní agbálẹ̀, a máa ga ju ènìyàn lọ, òdòdó rẹ̀ sì tóbi ju ti yúnyún lọ dáadáa. Láti ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni yúnyún kì í ṣe ewé Akíntọ́lá, tí àwọn ènìyàn tún fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, nítorí òdòdó tirẹ̀ kò pupa rúsúrúsú.

Ẹbí ńlá ni ẹbí tí yúnyún ti wá. Ewúro tí a fi ń se ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ̀ròwọ́ àti imí-eṣú. Àmì tí a fi ń mọ ẹbí náà ni pé ohun tí a pè ní òdòdó kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òdòdó kéékèèké ni tí wọ́n péjọ sórí ìtẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ já òdòdó yúnyún kan, kí ẹ tú u sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó sì rí i fúnra yín.

Àwọn tí ń sin ehoro mọ yúnyún dáadáa, nítorí oúnjẹ tí ehoro fẹ́ràn ni. Ẹranko igbó pàápàá mọ ẹbí rẹ̀. Ní 1983, àwọn onímọ̀ méjì, Richard Wrangham àti Toshisada Nishida, kọ ìwé nípa àwọn ìnàkí ilẹ̀ Tanzania tí wọ́n máa ń já ewé àwọn ọmọ ìyá yúnyún ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n wádìí lẹ́yìn wọn rí i pé irú ewé híha bẹ́ẹ̀ a máa gbá aràn jáde nínú ìfun wọn. Ẹ má ṣe bá ìnàkí dán irú èyí wò o! Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ewé tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ kì í ṣe ewé lásán.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA RÍ

Ẹ ro irú iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní agbègbè tí mo ń sọ yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ igi gẹdú àti pákó pọ̀, oko kòkó àti obì sì yí ìlú ká. Àdá, àáké, ayùn àti ìṣó ni ohun èlò wọn. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní 1982, èyí tí à ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nábáńjọ láti 2001, oko ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ogun Waterside, ní Àbìgì, Ìbíadé, Ìwòpin àti Màkún-Omi, ẹ ó bá àwọn apẹja létí ọ̀sà, tí ìwọ̀, ọ̀bẹ àti ẹ̀gún ẹja ń gún lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ẹni tí àdá bá ṣá ní àárín oko, tí ilé jìnnà sí, kò ní ohun mìíràn nítòsí ju ewé lọ. Yóò já yúnyún, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí oje yóò fi jáde, yóò fún oje náà sójú ọgbẹ́, yóò sì fi ìgbẹ́ ewé náà dì í. Láìpẹ́ ẹ̀jẹ̀ yóò dá. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí èyí kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Wọ́n wò ó, wọ́n dán an wò, wọ́n sì fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti jẹ́rìí sí wọn. Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà ní Nsukka tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ewé yìí. Wọ́n rí i pé oje tí wọ́n yọ lára rẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá lára ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, ó mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó sì dènà àwọn kòkòrò kan tí í mú ọgbẹ́ kẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìtàn lásán ni ọ̀rọ̀ yúnyún, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Inú yàrá ìwádìí tí ó mọ́ ni wọ́n wà. Wọ́n fi oògùn yọ oje ewé náà, wọ́n sì wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó lò ó. Èyí yàtọ̀ sí ewé tí a já nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a fi ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọkọ́ mú ra, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń jẹ lẹ́nu kí wọ́n tó tu ú sójú ọgbẹ́.

OHUN TÍ EWÉ KÒ LÈ ṢE

Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tí ó ń gbé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran. Òun ni ó ń fa àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní tetanus. Nígbà tí ó bá wà nínú ilẹ̀, a máa fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bí irúgbìn, oòrùn kì í pa á, ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá bá ìṣó, ẹ̀gún, àdá tàbí ewé ẹlẹ́rùpẹ̀ wọ inú ọgbẹ́, a jí dìde. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ibi tí ó jìn, tí ó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kò dé ni ó fẹ́ràn jù lọ. Ìdí nìyí tí ojú ìṣó kékeré fi léwu ju ọgbẹ́ gbàgàdà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn jáde lára rẹ̀ lọ.

Nínú ọgbẹ́ yẹn ni kòkòrò náà yóò ti máa tú májèlé jáde. Májèlé náà yóò gba inú àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ẹran ara, yóò sì dà wọ́n rú. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àmì rẹ̀ sábà máa ń hàn. Àgbọ̀n yóò kọ́kọ́ gan, ẹni náà kò ní lè la ẹnu dáadáa. Ọrùn yóò le, oúnjẹ kò ní gbé mì. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara yóò máa gan, tí ẹ̀yìn yóò tẹ̀ bí ọrun. Ariwo díẹ̀ tàbí ìmọ́lẹ̀ lójijì tó láti mú kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ aláìsàn náà sì pé, ó mọ gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Mo rí ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí pákó ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìṣó sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó yọ ìṣó náà, ó fún oje yúnyún sí ojú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ ni ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnu ń dun òun bí òun bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà. Wọ́n rò pé eyín ni. Ìgbà tí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, eyín rẹ̀ ti di pọ̀, a kò sì rí i gbà là. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ni pé, “Ẹ̀jẹ̀ ti dá o! Ojú ọgbẹ́ ti jinná!” Òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, òkè ọgbẹ́ sì ti pa dé. Ṣùgbọ́n òkè tí ó pa dé yẹn ni ó ti afẹ́fẹ́ mọ́ òde, tí kòkòrò náà fi rí ibùgbé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀jẹ̀ dídá yàtọ̀ sí ọgbẹ́ wíwò, ọgbẹ́ wíwò sì yàtọ̀ sí ààbò kúrò lọ́wọ́ tetanus. Iṣẹ́ mẹ́ta ni. Yúnyún lè ṣe èkíní, ó lè ran èkejì lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀kẹta rárá.

ÌWỌ́ ỌMỌ TUNTUN

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyá àgbà jù lọ. Nítorí pé yúnyún ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn kan a máa fi ewé fífún tọ́jú ìwọ́ ọmọ. Àwọn mìíràn a máa fi ọṣẹ ìfọyín, iyanrìn gbígbóná tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i. Ojú ọgbẹ́ ni ìdodo ọmọ tuntun jẹ́. Bí kòkòrò tetanus bá gba ibẹ̀ wọlé, ọmọ tí ó ń mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yóò dẹ́kun mímu láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méjìdínlọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ yóò sì máa gan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pe èyí ní gìrì, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àgbo kiri títí ọmọ fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe fi ewé kankan sí ìwọ́ ọmọ. Abẹ tuntun tí a kò tíì lò rí ni kí a fi gé e. Oògùn ìpara chlorhexidine tí wọ́n ṣe fún ìwọ́ ni kí a lò bí nọ́ọ̀sì bá ti júwe, bí kò bá sì sí, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì mọ́.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìyá, aláboyún kò gbọdọ̀ mu àgbo yúnyún, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ń wá ọmọ. Àwọn olùwádìí ti fún abo èkúté ní oje ewé yìí mu, wọ́n sì rí i pé ó ṣe ìpalára fún ilé ẹyin wọn.

BÍ A TI Í TỌ́JÚ ỌGBẸ́

1. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má sì ṣe ṣí i wò láàárín. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹ gbé e sókè. Títẹ̀ yìí nìkan a máa dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ dúró láìsí ewé.

2. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ wá fi omi mímọ́ púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́ náà. Omi kànga tàbí omi ọ̀sà kò dára tó. Ẹ sè é, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù.

3. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó. Ẹ má ṣe fi iyọ̀, kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò, omi bátìrì, ẹ̀tù tàbí erùpẹ̀ sí i.

4. Bí ó bá jẹ́ pé inú oko jíjìn ni ẹ wà, tí kò sí aṣọ kankan, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn tí ẹ ti lo yúnyún, èmi kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kì í bọ ojú ihò ìṣó, ẹ má ṣe jẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹ sì fọ gbogbo rẹ̀ kúrò ní kété tí ẹ bá dé ibi tí omi mímọ́ wà.

5. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ọ̀la, bí ọgbẹ́ bá jìn, bí ìṣó, ìwọ̀ tàbí ẹ̀gún bá gún yín, bí erùpẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, tàbí bí ajá bá bù yín jẹ. Ẹ̀yin ará Ogun Waterside tí ẹ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó rí dókítà, ẹ má ṣe dúró de àmì kankan. Bí ẹnu bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gan, ọ̀nà tí ó gùn yẹn yóò ti gùn jù.

ABẸ́RẸ́ NI ÀPÁTA

Ní 1889, ní ìlú Berlin, ọmọ ilẹ̀ Japan kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kitasato rí kòkòrò tetanus yà sọ́tọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun àti Emil von Behring fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko lè mú ohun tí í ṣẹ́gun májèlé náà jáde. Láti inú ìmọ̀ yìí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tetanus ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ní ìjà kí ọ̀tá tó dé. Bí májèlé bá ti dé ibi tí ó ń lọ nínú ara, kò sí ewé tàbí oògùn òyìnbó tí ó lè já a kúrò níbẹ̀ mọ́. Dókítà kàn lè ṣe ìrànlọ́wọ́ fún aláìsàn títí ara yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe ni. Ẹni tí tetanus bá sì ṣe tí ó yè, ó tún lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, àfi bí ó bá gba abẹ́rẹ́.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ń gba tiwọn nígbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Obìnrin tí kò gbà á rí ní láti gba márùn-ún: èkíní nígbà tí ó bá kọ́kọ́ lọ, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún kan, àti ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan mìíràn. Bí ó bá gbà á nígbà oyún, ọmọ inú rẹ̀ náà yóò rí ààbò gbà.

Àwọn ọkùnrin ni a máa ń gbàgbé. Aboyún ń lọ sí kíláàsì, wọ́n ń gún un. Ọmọ ń lọ gba abẹ́rẹ́, ìyá ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bàbá tí ń la pákó, tí ń ro oko, tí ń fa àwọ̀n, tí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni ìṣó ń gún, ta ni ó ń bi í léèrè? Bí ọgbẹ́ ẹlẹ́rùpẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn ti ju ọdún márùn-ún lọ, ó yẹ kí wọ́n tún un gún. Bí ọgbẹ́ náà bá mọ́, tí kò sì jìn, ọdún mẹ́wàá ni a ń wò. Ẹni tí kò rántí ìgbà tí ó gbà á, kí a kà á sí ẹni tí kò gbà á rí.

Nítorí náà, ìgbà tí ẹ bá tún lọ sí ilé, ìbáà jẹ́ fún ọdún, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ mú ọṣẹ méjì àti aṣọ mímọ́ díẹ̀ lọ fún àwọn tí ń lọ sí oko, kí wọ́n máa fi sínú àpò wọn pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Kí ẹ sì bi bàbá léèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá, ìgbà wo ni ẹ gba abẹ́rẹ́ tetanus kẹ́yìn?” Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì tọ́ka sí yúnyún létí ọ̀nà, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí ewé náà, nítorí òótọ́ wọn ni. Ẹ kàn mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó padà sí Èkó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa o.